Bí BlackBerry ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Àgọ́-Ìwòyè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ kan máa pẹ́ lọ́jà, kó má wulẹ̀ lọ bi àwọn tó ń polówó ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n léèrè. Kó wọ mọ́tò n'Íjẹ̀bú-Òde, kó ní kí wọ́n já òun sí Àgọ́-Ìwòyè lásìkò tí yunifásítì bá wọlé, kó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan létí títì fún wákàtí méjì péré. Ohun tó bá rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé, ohun tí gbogbo ìlú máa máa rà lọ́dún méjì sí i nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá sì ti ń jù sísàlẹ̀ àpótí, ẹ fọkàn balẹ̀, ọjà ẹ̀ ti ń tán lọ nìyẹn, kódà bí iléeṣẹ́ tó ṣe é bá ṣì ń ka owó.

Mi ò sọ ọ́ láti fi yangàn o, ìdí iṣẹ́ mi ni mo ti ń wò ó. Nígbà tí yunifásítì wa ṣì ń jẹ́ Ogun State University, OSU lẹ́nu gbogbo èèyàn, kí wọ́n tó yí i padà sí Olabisi Onabanjo University lọ́dún 2001, ni mo ti ń bá àwọn ọmọ iléèwé tẹ próójẹ́ẹ̀tì. Láti ibẹ̀ ni mo bọ́ sídìí kọ́ọ̀lù abẹ́ agboòrùn, mo ta káàdì, mo ta fóònù, mo tún fóònù ṣe, POS ló kù tí mò ń ṣe báyìí. Ohun tójú mi ti rí nínú gbogbo ẹ̀ ni pé kì í ṣe iye èèyàn tó ń lo nǹkan ló ń gbé iléeṣẹ́ ró. Àwọn díẹ̀ kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé àwọn ni òpó. Àwọn yìí máa ń lò ó tílẹ̀ á fi mọ́, wọ́n mọ ibi tó ti ń dùn, wọ́n mọ ibi tó ti ń korò, báwọn yòókù bá sì fẹ́ ra tiwọn, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń wá béèrè. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni mò ń pe irú wọn. Bí iléeṣẹ́ bá ṣe ṣe sí àgbà ọ̀jẹ̀ ẹ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀la ẹ̀ ṣe máa rí.

Ẹ rántí ọdún 2001. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. 50 náírà ni ìṣẹ́jú kan, bó o bá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n máa yọ. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo, ṣùgbọ́n àwa tá a jókòó sábẹ́ agboòrùn lọ̀rọ̀ náà ń dùn jù lọ, nítorí àwa là ń pe ọgọ́rùn-ún ìpè lóòjọ́. A máa ń di aago mọ́wọ́ ni. Bó bá ti ku díẹ̀ kí ìṣẹ́jú pé, a ó fọwọ́ kan oníbàárà léjìká pé kó sọ pé ó dàbọ̀, bó bá sì jẹ́ ìyàwó ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, ìjà dé nìyẹn. A béèrè títí pé kí ló dé tí wọn ò lè máa fi ìṣẹ́jú àáyá ka owó, wọ́n ní ìyẹn ò tíì yá. Ìgbà tí Globacom dé lóṣù kẹjọ ọdún 2003, ìṣẹ́jú àáyá ló fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ gbé síìmù tuntun náà l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè? Àwa abẹ́ agboòrùn ni o. Kò pẹ́ sígbà náà táwọn yòókù fi rí i pé ohun tí wọ́n ní kò tíì yá ọ̀hún ti yá.

(Ẹni tó bá ra síìmù Econet nígbà yẹn tó sì ń lò ó títí dòní, ó ti ṣe oníbàárà Vmobile rí, ó ṣe ti Celtel, ó ṣe ti Zain, kó tó wá di ti Airtel lọ́dún 2010, bẹ́ẹ̀ kò kúrò lójú kan. Èyí kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa, mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.)

BlackBerry ni mo fẹ́ sọ. Àwọn ọmọ tó ń wọlé sí yunifásítì báyìí ò mọ̀ ọ́n, wọ́n ń gbọ́ ọ bí ìtàn ni. Research In Motion ni iléeṣẹ́ tó ń ṣe é, ìlú Waterloo lórílẹ̀-èdè Kánádà ni wọ́n wà. Láàárín ọdún 2010 sí 2013, bí o bá jẹ́ ọmọ iléèwé l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè tí o ò sì ní BlackBerry, àbọ̀ èèyàn ni wọ́n kà ọ́ sí. Bí ọmọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, kì í tọrọ nọ́ńbà mọ́, PIN ló ń tọrọ, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ. Orí BBM ni wọ́n ti ń fẹ́ra, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọra wọn sílẹ̀. Owó tí wọ́n ń san lóṣù fún íntánẹ́ẹ̀tì orí ẹ̀ tó nǹkan bíi 3,000 náírà nígbà kan, mo sì mọ àwọn tó ń fi gàárì àti ẹ̀pà ṣe oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí owó náà lè pé.

Àmọ́ kì í ṣe fàájì nìkan o. Yunifásítì wa kò sójú kan. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ẹnjinníà wà n'Íbògùn, àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀ wà l'Áyétòrò, àwọn oníṣègùn wà ní Ṣágámù. Bí ìdánwò bá yí padà, tàbí táwọn olùkọ́ bá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, orí BBM lọ̀rọ̀ náà ti máa ń kọ́kọ́ jáde. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọgbọ̀n èèyàn péré ni gúrúùpù kan ń gbà. Kíláàsì tó ní igba ọmọ ńkọ́? Aṣojú kíláàsì á ṣí gúrúùpù kan, á ṣí èkejì, á ṣí ẹ̀kẹta, títí tó máa fi pé méje, á wá máa gbé ọ̀rọ̀ kan náà láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mò ń pè ní àgbà ọ̀jẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un, òun fúnra ẹ̀ ló ń fi ọgbọ́n orí di ihò tí iléeṣẹ́ fi sílẹ̀.

Ọmọ kan wà tó ń kọ́ nípa òfin, ó ti di lọ́yà gidi báyìí, ẹ ò ní í gbọ́ orúkọ ẹ̀ lẹ́nu mi. Ọmọ yẹn mọ BlackBerry ju èmi tí mò ń tà á lọ. Bí fóònù bá ń ṣe gọ̀ọ́gọ̀ọ́, òun ló kọ́kọ́ fi hàn mí pé kí n di Alt mú, kí n tẹ L, G, L, G, kí n wá pa gbogbo àkọsílẹ̀ tó bá jáde rẹ́, ara ẹ̀ á sì fúyẹ́. Bí aago kékeré ojú ẹ̀ bá ń yí tí kò dúró, yọ bátìrì, dá a padà, kó o wá dúró dè é kó jí, o lè sè ẹyin jinná kó tó jí. Kò sẹ́ni tó máa ra fóònù ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn tí kò ní í bi í léèrè. Mo máa ń bá a dín owó kù dáadáa, torí òun nìkan lè fa oníbàárà mẹ́wàá wá fún mi láàárín oṣù kan.

Àwọn bíi tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, kò sì pọ̀. Wọ́n ní kí ààyè inú fóònù fẹ̀ sí i. Wọ́n ní kí gúrúùpù gba ju ọgbọ̀n lọ. Èyí tí wọ́n ń sọ jù ni pé kí wọ́n ṣí BBM sílẹ̀ káwọn ọ̀rẹ́ wọn tó ń lo Nokia àti Android lè wọlé. Wọ́n ní ìyá àwọn nílé kò lè ra BlackBerry láéláé, àwọn sì fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ eléyìí títí etí mi fi di.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń lọ ní Waterloo lásìkò kan náà. Jim Balsillie, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá méjì tó ń darí iléeṣẹ́ yẹn, fẹ́ kí wọ́n ṣí BBM sílẹ̀ fún gbogbo fóònù. Àwọn tó kù lọ́hùn-ún ò gbà, wọ́n ní torí BBM làwọn èèyàn ṣe ń ra BlackBerry, báwọn bá wá pín in fún gbogbo ayé, kí ló kù táwọn máa tà? Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, òun àti Mike Lazaridis fi ipò ọ̀gá sílẹ̀, Thorsten Heins bọ́ síbẹ̀, wọ́n sì da ètò ọ̀hún nù. Nígbà tó di oṣù kẹta, Balsillie kúrò nínú ìgbìmọ̀ pátápátá. Ohun tí ọmọ kíláàsì òfin ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ni ọ̀gá wọn náà ń sọ, wọn ò dá ẹnì kankan lóhùn nínú àwọn méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀, WhatsApp tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2009 ti ń yọ́ wọlé. Kò bèèrè irú fóònù tó o ní. Ó wà lórí BlackBerry fúnra ẹ̀, ó wà lórí Nokia kékeré tó ní bọ́tìnnì. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e sórí fóònù wọn, wọ́n ń lò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ BBM. Ìgbà tó wá di ọjọ́ 10, oṣù kẹwàá, ọdún 2011, iṣẹ́ BlackBerry dákú, bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù títí dé Áfíríkà, ó sì tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó jí padà. Lazaridis bẹ̀bẹ̀ nínú fídíò, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, àwọn tí kò ti WhatsApp gbọ́ tẹ́lẹ̀ ti lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tó pa á pátápátá ni ti ọdún 2013. Ìparí oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n gbé BlackBerry tuntun jáde, BlackBerry 10. Z10 ló kọ́kọ́ dé, kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń kọ̀wé, kò ní ibi kékeré àárín tí wọ́n máa ń fi àtàǹpàkò rà. Íntánẹ́ẹ̀tì olówó oṣù tí gbogbo wa mọ̀ kò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, dátà lásán bíi ti fóònù gbogbo ló ń lò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, torí pé íntánẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yẹn máa ń fún ọ̀rọ̀ àti àwòrán pọ̀ kó tó gbé e wá lowó ẹ̀ fi ń pẹ́ kó tó tán. Ẹ wò ó, gbogbo ohun tí ẹni tó fẹ́ràn BlackBerry fi fẹ́ràn ẹ̀ ni wọ́n yọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n wá ní kó fi owó ńlá ra èyí tó kù. Ọmọ òfin wa gbé Z10 yẹn lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ pé bí eléyìí ṣe fẹ́ máa ṣe nìyí, ṣebí kí n kúkú ra Samsung." Ó ra Samsung. Láàárín oṣù mẹ́ta, mi ò ta BlackBerry kankan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn mọ́.

Nígbà tí wọ́n wá ṣí BBM fún Android àti iPhone lóṣù kẹwàá ọdún náà, ta ló kù tó fẹ́ wọlé? Lóṣù kejìlá ọdún 2014, wọ́n dá bọ́tìnnì àti ibi àtàǹpàkò padà, wọ́n pe fóònù ọ̀hún ní Classic. Ẹni kan ṣoṣo ló bi mí nípa ẹ̀, ọ̀gá báńkì kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọjọ́ 31, oṣù karùn-ún, ọdún 2019 ni wọ́n ti BBM àwa ará ìta pa. Ọjọ́ 4, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2022 ni wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí àwọn fóònù àtijọ́ náà.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ. Wọ́n á ní àgbà ọ̀jẹ̀ náà kọ́ ló pa iléeṣẹ́ yẹn? Pé torí wọ́n ń tẹ́tí sáwọn tó fẹ́ràn bọ́tìnnì ni wọ́n ṣe pẹ́ kí wọ́n tó ṣe fóònù alájúfọwọ́kàn bíi ti Apple. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ àgbà ọ̀jẹ̀ wo ni wọ́n ń tẹ́tí sí? Àwọn alákọ̀wé oníkóòtù ní Amẹ́ríkà, tí ọ́fíìsì ń ra fóònù fún, tí wọ́n ń fi í ka lẹ́tà. Àwọn tó ń lo nǹkan ọ̀hún títí àtàǹpàkò wọn fi ń bó, ní Nàìjíríà, ní Indonéṣíà, wọn ò kà wọ́n sí, owó oṣù wọn nìkan ni wọ́n ń kà. Èmi ò ní kí iléeṣẹ́ ṣe gbogbo ohun tí àgbà ọ̀jẹ̀ bá ní kó ṣe. Mo ní kó mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ ni, kó tó gba nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Ẹ fi Tecno wé e. Transsion, iléeṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2006, ló ni ín. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n rí i pé àwọn tó ń lo fóònù jù lọ lọ́dọ̀ wa ń gbé fóònù méjì mẹ́ta kiri, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí kò sí ní ibí, tọ̀hún kò sí lọ́hùn-ún, owó láti orí ọ̀kan sí èkejì sì wọ́n. Ẹlòmíì á wò ó pé ìṣòro nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn, kò kan òun tó ń ṣe fóònù. Tecno fi ihò síìmù méjì sí i. Wọ́n rí i pé iná kì í sí, wọ́n fi bátìrì tó nípọn sí i. Wọ́n rí i pé kámẹ́rà kì í gbé àwọ̀ dúdú wa dáadáa lálẹ́, wọ́n tún un ṣe. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ní fóònù Ṣáínà. Lónìí, àwọn ló ń ta fóònù jù lọ ní Áfíríkà.

Kì í ṣe tiwa nìkan, ó ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo. Àmì # tí gbogbo wa ń fi síwájú ọ̀rọ̀ lórí Twitter, iléeṣẹ́ náà kọ́ ló ronú ẹ̀, Chris Messina, ọ̀kan nínú àwọn tó ń lò ó, ló dá a lábàá lóṣù kẹjọ ọdún 2007, wọn ò sì kà á sí nígbà yẹn. Lóṣù kejì ọdún 2011, iléeṣẹ́ kan náà ti UberTwitter pa fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní ó rú òfin àwọn, bẹ́ẹ̀ òun lọ̀pọ̀ ọmọ tó ní BlackBerry lọ́dọ̀ wa fi ń wọlé. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, wọ́n ti gbogbo irú ẹ̀ pa pátápátá. Bí èèyàn bá kọ́ ẹ̀yìnkùlé ẹ fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, tó o wá lé e jáde, ó yẹ kó o ti mọ ẹni tó máa tún òrùlé ṣe.

Èmi náà ti jẹ tèmi. Iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí mi ò ní í dárúkọ polówó íntánẹ́ẹ̀tì àlòmátán lóṣù. Mo rà á fún ṣọ́ọ̀bù. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Mo pè wọ́n, ọmọbìnrin tó gbé e ní mo ti lò ó kọjá bó ṣe yẹ. Mo ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ pè é ní àlòmátán?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ṣùgbọ́n ìlò tó bójú mu wà. Èmi tí mò ń sanwó ṣáájú ọjọ́, tí mò ń bá wọn ta síìmù, èmi lolè tó ń lo ohun tó rà. Gbogbo ọmọ tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún yẹn ni mo júwe ibòmíì fún.

Ibi tọ́rọ̀ náà ti kan oúnjẹ mi jù lọ báyìí ni POS. Ẹ ò lè gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí náírà di ohun àwátì, tí owó táwọn èèyàn fi ránṣẹ́ láti inú báńkì ń há sójú ọ̀nà. Ìgbà yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn sá lọ sọ́dọ̀ OPay, PalmPay àti Moniepoint. Àwa tá a jókòó sídìí ẹ̀rọ la ń ṣí àkáǹtì fún wọn, àwa la ń ṣàlàyé, àwa sì ni wọ́n ń bú bó bá há. Látìgbà náà, ẹ̀rọ méjì ni mò ń lò, ti iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ n pe ọ̀kan ní ti ọwọ́ ọ̀tún, kí n pe èkejì ní ti ọwọ́ òsì.

Lóṣù kẹwàá ọdún 2025, Báńkì Àpapọ̀ gbé òfin tuntun jáde fún àwa aṣojú. Ó ní iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ni aṣojú kan gbọdọ̀ máa ṣiṣẹ́ fún, ọjọ́ 1, oṣù kẹrin, ọdún 2026 ni wọ́n sì dá fún un. Kíákíá ni ọwọ́ ọ̀tún rán ọmọkùnrin kan sí mi, ó gbé fìlà wá, ó gbé agboòrùn wá. Ọwọ́ òsì ò gbé nǹkan kan wá.

Mo mú ìwé kékeré kan, mo fi sídìí àpótí owó. Ìgbàkígbà tí owó bá há, mo kọ aago tí mo pè wọ́n, mo kọ aago tí wọ́n gbé e, mo kọ ọjọ́ tí owó dé. Mo ṣe é fún oṣù méjì gbáko. Lára ti ọwọ́ ọ̀tún, ó tó ìgbà mẹ́fà tí owó há, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn ní gbogbo ẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀ tó ọjọ́ mọ́kànlá, owó iléèwé ọmọ kan sì ni. Mo ti fi owó tèmi dí i fún ìyá ẹ̀ kó tó dé. Ti ọwọ́ òsì há nígbà mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n èèyàn gidi ló ń gbé e, kò sì sí èyí tó sùn níta nínú ẹ̀.

Èèyàn méjìlá tó ń ṣe POS láti gáréèjì títí dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì ló wá bi mí pé èwo ni kí wọ́n mú. Mo na ìwé náà sí wọn, mo ní kí wọ́n kà á fúnra wọn. Fìlà yẹn ń bẹ lórí ọmọ tó ń bá mi gbálẹ̀.